Ìdérí tí Mo Ṣí Lójú Gbogbo Yáàdì

Okùn ni wọ́n fi fa píkọ́ọ̀pù Rísí wọ yáàdì mẹ́káníìkì wa ní Pápá Àjàó láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan lọ́dún tó kọjá. Kí n tó nu ọwọ́ mi tán, Alága ẹgbẹ́ wa ti kéde ikú ọkọ̀ náà. Kò fi ọwọ́ kàn án o. Ó jókòó sórí àga oníke rẹ̀ lábẹ́ igi, ó ní kí wọ́n ta á jí, ó tẹ́tí sí i fún ìgbà tí èèyàn lè fi bó ọsàn kan, ó wo èéfín tó ń tú jáde lẹ́yìn, ó wá mi orí bíi dókítà inú fíìmù.

"Ẹ́ńjìnnì yìí ti kú," ló wí. "Tòkunbọ̀ ni kẹ́ ẹ lọ rà. Àna mi ní ọ̀kan tó mọ́ tónítóní, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tọkọ̀ ojú omi sọ̀ ni."

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu pé ẹni tó ń dájọ́ ikú náà ni àna rẹ̀ ń ta pósí. Bó ṣe rí nínú yáàdì wa nìyẹn.

Bísíríyù lorúkọ Alága. Èmi pẹ̀lú rẹ̀ la jọ kọ́ iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ní ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan ní Yábàá, nígbà tí èmi kò tíì pé ọmọ ogún ọdún. Èmi nìkan ni obìnrin nínú kíláàsì. Tíṣà ni bàbá mi, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó gbà pé ìwé kò mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin. Bísíríyù ní tirẹ̀ gbà pé ìwé mọ̀ ọ́n yàtọ̀ dáadáa. Lọ́jọ́ kìíní tó jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì, ohun tó kọ́kọ́ sọ fún mi ni pé, "Fúnkẹ́, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ oúnjẹ sísè wà ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn o." Fún ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, àwòrán ẹ́ńjìnnì tí mo bá yà ni ó ń wò yà. Ó mọ̀ ọ́n wò dé ibi pé bí mo bá ṣi ọfà kan yà, yóò ṣì í yà bí tèmi gẹ́lẹ́, wọn a sì fún un ní máàkì tó ju tèmi lọ nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́.

Olùkọ́ wa nígbà náà, Ọ̀gbẹ́ni Ajílẹ́yẹ, Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ní òfin kan. Ohunkóhun tí o bá ṣí lára ẹ́ńjìnnì, kí o tó dì í padà, fi ààmì rẹ sínú rẹ̀ níbi tí oní-ọkọ̀ kò ní rí. "Bó bá padà wá," ni ó máa ń wí, "ìwọ gan-an ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀." Tóótòòtó mẹ́ta àti ìlà kúkúrú kan lábẹ́ wọn ni mo mú ní tèmi. Mò ń fi sí ìsàlẹ̀ àwòrán mi pẹ̀lú. Lọ́jọ́ kan Bísíríyù wo àwòrán mi yà, ó sì ya ààmì náà mọ́ ọn, ó fà á fún olùkọ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ajílẹ́yẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Àmọ́ nígbà tí wọ́n fẹ́ mú olórí kíláàsì, Bísíríyù náà ni wọ́n mú.

Mo ṣiṣẹ́ ìjọba fún ọ̀pọ̀ ọdún níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe, níbi tí àwọn ọ̀gá ti ń fún mi ní ìwé àti gègé dípò sípánà. Nígbà tó sú mi, mo kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, mo wá gba àyè ní Pápá Àjàó. Ta ni mo bá tó jókòó bí ọba níbẹ̀? Bísíríyù. Àyè ẹ̀gbẹ́ gọ́tà ló yàn fún mi. Níbẹ̀ ni mo gbé ẹ̀rọ tí mo fi ń dán nọ́sù wò kalẹ̀ sí, tí wọ́n fi ń pè mí ní Màmá Nọ́sù. Nọ́sù ni ẹnu tí dísẹ̀lì ń gbà wọ inú ẹ́ńjìnnì. Tó bá dára, á fọ́n epo bí ìrì. Tó bá ti gbó, á máa kán tó, tó, tó, bí ẹ̀rọ omi ilé àjùmọ̀gbé tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ tún ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ọ̀rọ̀ Rísí. Obìnrin tó ń lọ sí àádọ́ta ọdún ni, opó. Ìwáyà ló ń gbé. Píkọ́ọ̀pù tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ ló fi ń kó ẹja àti yìnyín lọ sí Ọ̀yìngbò láràárọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń wà á. Aláwọ̀ búlúù ni, búrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n sì fi kùn ún, èèyàn lè ka ipa irun búrọ́ọ̀ṣì náà lára ilẹ̀kùn. Kílómítà rẹ̀ ti lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta kó tó sú òun náà, kó dákẹ́. Lẹ́yìn ìdájọ́ Alága, Rísí rìn wá síwájú ṣọ́ọ̀bù mi, ó dúró bí ẹni tó wá tú ọ̀fọ̀.

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́ mà. Wọ́n ní ó ti kú."

"Ta ló ní?"

"Alága ni mà."

"Alága ti sọ ọ́ láti ọdún mẹ́wàá pé èmi náà ti kú. Ṣé òkú lò ń bá sọ̀rọ̀ yìí?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó tún fajú ro. "Mà, kí n tó lè ra ẹ́ńjìnnì fún un, àfi kí n ta ọkọ̀ náà."

Mo mọ̀ pé òótọ́ ni. Bí píkọ́ọ̀pù náà bá dúró sí yáàdì, ẹlòmíràn ni yóò máa kó ẹja rẹ̀, láàárín oṣù méjì ẹlòmíràn náà ni yóò ni àwọn oníbàárà rẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ pé nítorí rẹ̀ nìkan ni mo ṣe dìde. Lọ́jọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ náà ni ẹgbẹ́ wa máa ṣèpàdé, mo sì ti gbọ́ ohun tí Alága ń gbèrò: kí wọ́n gba àyè mi, kí wọ́n fún àna rẹ̀, kí ó lè máa to ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ síbẹ̀. Wọ́n ní arúgbó tí kò ríṣẹ́ ṣe ń fi àyè ṣòfò. Mo bọ́ sí àárín yáàdì, mo gbé ohùn sókè.

"Alága, ẹ gbọ́ o. Bí píkọ́ọ̀pù yìí kò bá fi ẹrù yìnyín gun afárá Ojúẹlẹ́gba lọ́jọ́bọ̀ láìtú èéfín, kí ẹ kó irinṣẹ́ mi síta kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀."

Bísíríyù yí àga rẹ̀ padà kó lè rí mi dáadáa. "Gbogbo yín ṣe ẹlẹ́rìí o. Màmá Nọ́sù ti fẹnu ara wọn kó ẹrù ara wọn jáde."

Bí mo ṣe há ara mi nìyẹn, ní ẹni àádọ́rin ọdún.

Ọjọ́ Ajé yẹn náà ni mo bẹ̀rẹ̀. Ẹni bá fẹ́ tún ọkọ̀ tó ti rìn jìnnà ṣe, kì í kọ́kọ́ bi í pé kí ló ń ṣe ọ́. Ohun tí èèyàn ń bi í ni pé kí ni wọ́n ti ṣe fún ọ. Mo ṣí ibi tó ti ń mí. Wọ́n ti yọ fítà afẹ́fẹ́ rẹ̀, wọ́n gé fóòmù ibùsùn, wọ́n kì í bọ ibẹ̀. Ẹ fi fóòmù ibùsùn dí imú yín, kí ẹ sáré láti Ìwáyà dé Ọ̀yìngbò, kí a wò ó. Mo tú fítà epo, omi dúdú tí n kò lè fi orúkọ pè ló dà sí mi lọ́wọ́. Hítà mẹ́rin ló yẹ kó máa mú ẹ́ńjìnnì náà gbóná láàárọ̀ kó tó jí. Méjì ti kú, ẹ̀kẹta ń kú lọ.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun mo kojú tápẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àlàfo tíntìntín tó gbọ́dọ̀ wà láàárín àwọn irin tó ń ṣí ọ̀nà afẹ́fẹ́ àti èéfín. Irin pẹlẹbẹ tó fẹ́lẹ́ bí ewé ni èèyàn fi ń wọn ọ́n. Àwọn tó wà ní yáàdì wa kì í lò ó. Etí ni wọ́n ń lò. Etí tó ti ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ láti ogójì ọdún ni wọ́n fi ń wọn ohun tó tín-ín-rín ju irun orí lọ. Mo wọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, kò sí ọ̀kan tó bá ìkejì rẹ̀ mu.

Nígbà tí mo dé ìdí pọ́ǹpù epo, mo jókòó, mo rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti lọ́ ìdè tó ń bu epo fún ẹ́ńjìnnì wọlé títí kò fi ku ibi tí yóò lọ mọ́. Oògùn yáàdì nìyẹn: bí ọkọ̀ kò bá lágbára, ẹ fún un ní epo sí i. Inú ń run ọmọ, ẹ ń ro ẹ̀bà fún un. Mo dá a padà sí ibi tí ìwé wí. Mo fọ nọ́sù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo pààrọ̀ ẹnu méjì, mo dán wọn wò títí wọ́n fi fọ́n bí ìrì.

Lọ́jọ́rú, ó jí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí Rísí yí kọ́kọ́rọ́. Èéfín dúdú ti lọ, ohùn rẹ̀ ti rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n èéfín funfun kan kọ̀, kò pọ̀, ó kàn ń rú tẹ́ẹ́rẹ́ bí oko tí ọ̀lẹ dáná sun. Mo jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ìgbà pípẹ́, kò lọ. Abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó sùn sí ìsàlẹ̀ bí ẹni tó wà lẹ́nu ìsinmi.

Bísíríyù rìn kọjá. Kò ní nǹkan kan í ṣe ní ẹ̀gbẹ́ gọ́tà, ó kàn rìn kọjá ni.

"Màmá Nọ́sù, ẹ kú iṣẹ́ o. Àbí ẹja ẹni ẹlẹ́ja lẹ fẹ́ bá wọn yan?"

"Alága, kò tíì jinná ni. Ẹ padà wá lọ́la, màá gé orí fún yín."

"Orí ẹja kọ́ la ń bá kiri, Màmá. Àyè la ń bá kiri."

Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Mo gbé ọwọ́ lé họ́ọ̀sì òkè, èyí tó ń gbé omi láti inú ẹ́ńjìnnì lọ sí rédíétọ̀, kí wọ́n má bàa rí ojú mi. Ibẹ̀ ni mo ti rí ìdáhùn. Mo pa ọkọ̀ náà títí ó fi tutù, mo tún ta á jí, mo tún di họ́ọ̀sì náà mú. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kó tutù fún ìgbà díẹ̀, kí ó sì gbóná lójijì.

Ilẹ̀kùn kékeré kan wà níbẹ̀ tí à ń pè ní tamósítáàtì. Ó máa ń sé omi mọ́nú títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná tó bó ṣe yẹ, kó tó ṣí. Ní Èkó, bí ọkọ̀ bá gbóná lẹ́ẹ̀kan péré, ohun àkọ́kọ́ tí mẹ́káníìkì ń ṣe ni pé á yọ ọ́ sọnù. Wọ́n ní ìlú tí yìnyín ń bọ́ ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì tí kò ní in kì í gbóná tó láéláé, kì í jó epo rẹ̀ tán, á máa rú èéfín, á máa mu àmuyó. Ìdí tí Rísí fi ń ra epo ọkọ̀ méjì fún ọkọ̀ kan nìyẹn.

Mo gun kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ ra tuntun. N kò lè sùn, inú mi dùn bí ẹni tó fẹ́ lọ gba ìyàwó. Ẹ wò ó, tápẹ́ẹ̀tì, nọ́sù, pọ́ǹpù, wọn kì í ṣe ohun tí gbogbo ènìyàn lè fi ojú rí. Ṣùgbọ́n ihò tó ṣófo, ojú tó ti gbó bí tèmi lè rí i.

Lọ́jọ́bọ̀, kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, mo pe gbogbo yáàdì jọ. Wọ́n wá. Mo jẹ́ kí Rísí dúró níwájú. Mo sì sọ̀rọ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ti ń kó ọ̀rọ̀ jọ láti ilé ẹ̀kọ́.

"Ẹ wá wo iṣẹ́ àwọn tó ń fi etí tún ọkọ̀ ṣe. Ẹni kan ti yọ tamósítáàtì ọkọ̀ yìí. Ẹni náà kò yẹ lẹ́ni tí à ń fún ní sípánà. Bí ó bá ṣì wà láyé, tó wà nínú yáàdì yìí, ó yẹ kó wá kúnlẹ̀ fún obìnrin yìí, nítorí pé àtijẹ-àtimu rẹ̀ ló ń sun níná láti ọ̀pọ̀ ọdún wá."

"Ẹ ò tíì ṣí i," ni Bísíríyù wí, "ẹ ti ń dájọ́."

"Màá ṣí i. Ẹ tan iná fóònù yín sí i, kó má bàa jẹ́ pé èmi ni mo jí i kó."

Ó wá dúró tì mí, ó tan iná sí i. Mo tú ìdè méjì, mo gbá ìdérí náà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, mo ṣí i. Ihò náà ṣófo. Ẹnì kan pariwo pé, "Màmá o," ẹ̀rín sọ. Mo yí ìdérí lọ́wọ́ láti nu inú rẹ̀.

Tóótòòtó mẹ́ta. Ìlà kúkúrú kan lábẹ́ wọn.

Funfun ni píkọ́ọ̀pù náà nígbà yẹn. Ó padà sí mi lọ́kàn bí ẹni pé àná ni: ọdún kejì mi ní yáàdì, dírẹ́bà kan tó ní èjí, rédíétọ̀ rẹ̀ ti dí, ọkọ̀ ń hó. Dírẹ́bà náà ni ọkọ Rísí, n kò mọ̀. Gbogbo wọn yí mi ká, wọ́n ń wo obìnrin tó kàwé, ohun tí yóò ṣe. "Yọ nǹkan yẹn jù nù, Màmá," ni ẹnì kan nínú wọn wí, "a kì í ṣe òyìnbó." Mo mọ̀ pé kò tọ́. Mo ti kà á, mo ti kọ ìdánwò lé e lórí. Mo yọ ọ́, kí wọ́n lè yé wò mí. Mo ní kí dírẹ́bà náà padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ kí n dá a padà, kò sì wá. Ta ló ń padà wá nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ kò hó mọ́? Mo fi ààmì mi sí i bí olùkọ́ wa ti kọ́ mi, mo gbàgbé.

N kò gbé ojú sókè. Iná fóònù náà ni mò ń wò. Ó ti dúró gbọnin lórí ìdérí náà, kò mì. Nínú gbogbo Muṣin, ẹnì kan ṣoṣo yàtọ̀ sí mi ló mọ ààmì yẹn, ẹni náà sì ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà á rí.

Mo dúró de ohùn rẹ̀. Ohun tó fẹ́ láti bí àádọ́ta ọdún ló wà lọ́wọ́ mi yẹn, gbogbo yáàdì sì wà níbẹ̀.

Bísíríyù ju àkísà tó wà léjìká rẹ̀ bo ìdérí náà.

"Fúnkẹ́," ló wí, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, láìpè mí ní Màmá, bí ẹni tó ṣì jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì. "Dì í."

Ó wá yíjú sí àwọn tó kù. "Ẹ máa lọ sídìí iṣẹ́ yín. Kò sí nǹkan níbẹ̀, ẹ ti rí i. Kí lẹ tún ń wò?"

Mo fi tuntun sí i, mo dì í. Ìdè kan bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ nígbà méjì. Rísí kó yìnyín kún ẹ̀yìn ọkọ̀, mo jókòó tì í, méjì nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ gun ẹ̀yìn lórí yìnyín láti ṣe ẹlẹ́rìí, wọ́n sì gbádùn rẹ̀ títí wọ́n fi dé ilé. A gun afárá Ojúẹlẹ́gba. Abẹ́rẹ́ dìde sí àárín, ó dúró. Mo wo ẹ̀yìn nínú jígí. Ojú ọ̀run ni mo rí.

"Màmá, ó ń mí o," ni Rísí wí. "Ó ń mí bí ìgbà tí bàbá àwọn ọmọ wà láyé."

Mo yíjú sí fèrèsé.

Nípàdé, Alága ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀ níbi tí mo wà. Àna rẹ̀ kó ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìgbẹ́. Láti ìgbà náà, ní gbogbo oṣù mẹ́ta ni mo ń bá Rísí yẹ píkọ́ọ̀pù náà wò, n kì í gba nǹkan kan. Ó rò pé ojú àánú ni mo fi ń wo òun. Ó máa ń kúnlẹ̀ gbàdúrà fún mi, lórí ilẹ̀ tó kún fún ọ́ìlì yẹn, èmi tí mo ní kí ẹlòmíràn wá kúnlẹ̀ fún un. Ọmọbìnrin rẹ̀ mọ ìwé kà, yóò ka èyí fún un. Rísí, èmi ni. Má kúnlẹ̀ fún mi mọ́.

Lóṣù tó kọjá, ìbàdí mi ní ó tó gẹ́ẹ́, mo kó ẹ̀rọ nọ́sù mi kúrò ní Pápá Àjàó. Àna Alága náà ló padà gba àyè ẹ̀gbẹ́ gọ́tà; omi gọ́tà á máa bá a jẹ ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Kí n tó lọ, mo dúró níwájú àga oníke yẹn.

"Bísíríyù, kí ló dé tí o ò fi sọ ọ́?"

"Kí n sọ kí ni?"

"O mọ ohun tí mò ń wí."

Ó wo ibòmíràn. "Màmá, ojú mi kì í ríran mọ́. Kò sí ohun tí mo rí."

Irọ́ ni. Ọkùnrin yìí ń ka nọ́ńbà ọkọ̀ láti òdìkejì títì láìlo jígí. Ó wo àwòrán mi yà fún ọdún mẹ́ta, mo ti dárí rẹ̀ jì í. Ó gba ipò olórí kíláàsì mọ́ mi lọ́wọ́, ó fi mí sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà, ó fẹ́ lé mi níbẹ̀ pàápàá. Mo ti dárí gbogbo rẹ̀ jì í, Ọlọ́run ń gbọ́ mi. Àkísà yẹn nìkan ló kù tí n kò tíì lè dárí rẹ̀ jì í.